Ọmọ mi ọdún 15 tí ìtìjú ń dà láàmú, iṣẹ́ wo ni kó ṣe ní họ́lídè yìí?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 15, SS2 ló ń lọ tí wọ́n bá wọlé ní September. Ọmọ dáadáa ni, ìwé ń wọ̀ ọ́ lórí, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ìtìjú ẹ̀ ti pọ̀ jù. Tí àlejò bá wọlé, yàrá ló máa sá sí. Tí mo bá rán an lọ ra nǹkan níbi tí èrò wà, á dúró sẹ́yìn títí gbogbo èèyàn á fi rà tán. Bàbá ẹ̀ ní òun máa mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń já ẹrù ní ọjà Bódìjà kí ojú ẹ̀ lè là, pé ọkùnrin tí ò lè sọ̀rọ̀ láwùjọ, ta ni yóò fi í ṣe olórí? Èmi ò fẹ́ ìyẹn. Mi ò sì fẹ́ kó jókòó sílé tì fóònù títí họ́lídè á fi parí. Kí ni ká ṣe?
Ìyá kan, Apátá

*

Ẹ kú iṣẹ́ òbí mà. Kí n tètè dáhùn kí ọ̀rọ̀ tó gùn: ẹ má jẹ́ kí bàbá mú un lọ sí Bódìjà. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ ẹrù jíjá, òógùn ojú wọn ni wọ́n fi ń jẹun, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ iṣẹ́ yẹn ò lè ṣe ohun tí bàbá fẹ́ kó ṣe. Alábàárù ò nílò ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n á gbé àpò lé e lórí, á gbé e dé ìdí ọkọ̀, á padà wá gbé òmíì, ilẹ̀ á sì ṣú tí kò ní tíì sọ ju "ẹ yà o, ẹ yà o" lọ. Ọmọ tó ń wá ibi tí òun máa sá pamọ́ sí, ẹ ti bá a wá ọ̀kan nìyẹn, abẹ́ àpò ìrẹsì.

Òfin náà tún wà ńbẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà sì ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2006, ọmọdé ló ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí, ó sì ní wọn ò gbọdọ̀ mú un gbé ẹrù tó wúwo débi tó lè pa ìdàgbàsókè ẹ̀ lára. Àpò ìrẹsì 50 kílò lọ́rùn ọmọ ọdún 15, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Iṣẹ́ tó máa wúlò fún ọmọ onítìjú ni èyí tí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kúrú, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò máa tún sọ látàárọ̀ dalẹ́, tí àwọn èèyàn á máa wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan, tí nǹkan á sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń ṣe bó ṣe ń sọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù ìwé, ìsọ̀ télọ̀ níbi tó ti máa kọ ìwọ̀n sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹyin ní kéréètì, ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Èyí tí mo kà gbẹ̀yìn yẹn niṣẹ́ tèmi. Àdúgbò Agbowó ni mo wà, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gba ọmọ họ́lídè, àwọn alárìíwo àtàwọn tí ò lè lanu, nítorí náà ohun tójú mi rí ni mò ń sọ.

Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n mú wá bá mi, SS1 ló wà nígbà yẹn. Tó bá ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń wò, ohùn ẹ̀ ò sì kọjá eyín. Mi ò ní kó lọ pàdé oníbàárà kankan. Ìdí ẹ̀rọ ni mo fi í sí, mo ní kó máa to bébà, kó máa ka ojú ìwé. Ìgbà tó mọ ẹ̀rọ yẹn dáadáa, tó ti mọ ìró tó máa ń dún tí bébà bá fẹ́ há, tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n á sì rọra fa bébà náà jáde láìya, ni mo wá kọ́ ọ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ẹ̀dà mélòó lẹ fẹ́? Ojú kan ni àbí tojú-tẹ̀yìn? Ṣé ká bá yín bíńdì ẹ̀? Ó tán. Ẹnikẹ́ni ò bi í pé kí ló dé tó ń tijú, ẹnikẹ́ni ò ní kó sọ nǹkan nípa ara ẹ̀, ọ̀rọ̀ bébà ni gbogbo wọn ń bá a sọ. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní "kí lo wí?", á sì tún un wí, ohùn á lọ sókè díẹ̀. Ó wá dọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kánjú lọ fi project ẹ̀ sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ ọn pé ó ti sọ ojú ìwé kan nù. Mo fẹ́ dìde, mo tún jókòó. Ọmọ yìí kó ìwé náà síwájú ẹ̀, ó ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní "Ẹ wò ó sà, èyí tí ẹ mú wá nìyí, 47 rèé, 49 ló tẹ̀ lé e. 48 ò sí níbẹ̀ látilẹ̀." Ọkùnrin yẹn dákẹ́, ó lọ tún 48 tẹ̀. Ìtìjú ọmọ náà ṣì wà lára ẹ̀ títí di òní o, àmọ́ ohun tó ń sọ lọ́jọ́ yẹn dá a lójú ju ìtìjú lọ.

*

Mo ti ka ohun tí gbogbo yín kọ sábẹ́ ìdáhùn mi, ẹ ṣé. Ọ̀nà mẹ́rin lọ̀rọ̀ yín pín sí, ẹ jẹ́ kí n mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó wà lẹ́yìn bàbá ní "àwa náà kiri nígbà tá a wà lọ́mọdé, kò pa wá, òun ló là wá lójú." Ó dáa. Ẹ rántí àwọn tẹ́ ẹ jọ kiri. Àwọn tẹ́nu wọn ti dùn tẹ́lẹ̀ ló jèrè ẹ̀. Àwọn tó ń tijú, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n máa ń dúró sí tí wọ́n á máa retí kẹ́nìkan pè wọ́n, ọjà wọn kì í tà, wọ́n á délé, wọ́n á tún jẹ lílù lé e. Ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ni pé tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kò wúlò, tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ ìyà ń bẹ. Ẹni tó sì ń dámọ̀ràn pé kó máa ta omi inú ọ̀rá ní Ìwó Road, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí àwọn takisí Micra ṣe ń já wọ ojú ọ̀nà níbẹ̀, ṣé ọmọ tiyín lẹ máa rán? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn náà ta ko fífi ọmọdé kiri ọjà ní òpópónà.

Àwọn kejì ní kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹ̀. Mo gbà dé ìdajì. Ó dáa fún ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá, ọmọ ìyá oníṣọ́ọ̀bù ló máa ń jẹ́. Tí oníbàárà bá bi í ní nǹkan, ojú ìyá ẹ̀ ló máa wò, ìyá náà á sì dáhùn, torí àánú ọmọ á ṣe é, oníbàárà náà kò sì ní fẹ́ dúró. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági sọ nǹkan kan níbí tí mo fẹ́ kí gbogbo yín tún lọ kà: òun àti ọ̀rẹ́ òun pààrọ̀ ọmọ ní họ́lídè, tòun lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́, tọ̀rẹ́ wá sọ́dọ̀ òun. Àwọn méjèèjì mọra, wọ́n mọ ibi tí ọmọ wà, àmọ́ ọmọ ò rí ìyá kankan tó máa bá a dáhùn. Ìmọ̀ràn yẹn dáa ju gbogbo ohun tí èmi alára ti kọ lọ. Ẹ ṣé mà.

Àwọn kẹta, ẹ máa bínú sí mi. Ẹ ní ká gbé máíìkì fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó ka ìkéde, kó ṣe aṣíwájú nínú eré, "ọjọ́ kan péré ni ìtìjú ń pẹ́ lára." Mi ò gbà rárá. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n tì síwájú ìjọ lọ́jọ́ ìkórè kó ka Sáàmù tó ti há sórí, ó dé ìlà kejì ó gbàgbé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, pásítọ̀ ní "ẹ pàtẹ́wọ́ fún un", ìpàtẹ́wọ́ yẹn ló tún wá ba nǹkan jẹ́ jù. Ọmọ yẹn ò fẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ẹ fi í sídìí ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ yẹn ló ń sọ fún olórin pé "ẹ sún máíìkì kúrò lẹ́nu díẹ̀", àgbà lòún ń pàṣẹ fún, wọ́n sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu torí ó mọ ohun tí wọn ò mọ̀.

Àwọn tó kù ní ká fi í sílẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ìwà ni lóòótọ́, kì í ṣe àìsàn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ojo létí ẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí kò bá tíì bá àgbà tí kì í ṣe ẹbí ẹ̀ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rí, yunifásítì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní sùúrù fún un. Nílé yín, ẹ ṣì lè fún un ní àyè láti ṣì í ṣe.

*

Ọ̀rọ̀ olórí tí bàbá sọ wá ńkọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú yín, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ olórí, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní asẹ́ḿbìlì lẹ ń rò. Ẹ wo ilé-ìwé dáadáa. Ẹni tó ń lu aago ńkọ́? Tí ò bá lù ú, tíṣà ò kúrò ní kíláàsì. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ láíbìrì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni tó ń ka ìgò àti abẹ́ nínú láàbù kí wọ́n tó jáde? Ipò tí nǹkan bá wà ní ìkáwọ́ ọmọ, àwọn èèyàn ló máa ń wá bá a, kì í ṣe òun ló ń lé èèyàn. Mo máa ń sọ fún òbí pé kí wọ́n lọ bá tíṣà kíláàsì jẹ́jẹ́ kí wọ́n bèèrè irú ipò bẹ́ẹ̀ fún ọmọ wọn, tíṣà tó dáa á gbọ́.

Ẹnìkan ní ọmọ tó dákẹ́, tí wọ́n bá fi í ṣolórí, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á máa gùn ún lórí. Ó ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ irú ipò wo ni wọ́n fi í sí? Tí wọ́n bá ní kó máa kọ orúkọ àwọn tó ń pariwo, wọ́n ti pa á. Tó bá kọ ọ́, ọ̀rẹ́ ò sí mọ́. Tí ò bá kọ ọ́, òun ni tíṣà máa nà. Ọmọ tó lẹ́nu pàápàá, ipò yẹn ń fọ́ ọ lórí. Ẹ má gbà á fún un.

Ní ìta ilé-ìwé, Boys' Brigade wà, ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin nínú ìjọ Kristẹni. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní William Smith ló dá a sílẹ̀ ní Glasgow lọ́dún 1883, ó wọ Èkó lọ́dún 1908, ọ̀pọ̀ ìjọ nílùú Ìbàdàn ló ní in báyìí, Girls' Brigade náà wà fún àwọn ọmọbìnrin. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ìpele-ìpele ni, ọ̀wọ́ ọmọ díẹ̀ ni kọ́púrà, ìyẹn olórí kékeré nínú wọn, máa ń kọ́kọ́ darí, àṣẹ tó sì máa pa ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Ẹ dúró ṣinṣin" ni "ẹ dúró ṣinṣin", kò ní máa ronú ohun tó máa sọ. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, MSSN, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1954, ní ẹ̀ka ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, wọ́n sì máa ń ṣe IVC, ìpàgọ́ ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù, ní àkókò họ́lídè. Ẹ bi wọ́n bóyá ọmọ yín lè wà lára àwọn tó ń ṣètò ibùsùn tàbí tó ń pín oúnjẹ. Ẹni tó ń pín oúnjẹ fún èrò púpọ̀ tí kò sì yọ ẹnì kankan sílẹ̀ ti kọ́ ìṣàkóso.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀nà tèmi kò le. Ọmọ tó wá lọ́dún tó kọjá ló ń kọ́ ọmọ tuntun. Ọmọbìnrin ojú ìwé 48 yẹn, nígbà tó padà wá ní họ́lídè tó tẹ̀ lé e, mo fa ọmọkùnrin kan lé e lọ́wọ́, mo ní "gbogbo ohun tí ò bá mọ̀, ọwọ́ rẹ ni mo ti máa bèèrè." Mo gbọ́ tó ń sọ fún un lẹ́yìn ẹ̀rọ pé "má fà á báyẹn, ó máa ya, ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ná." Ohùn jẹ́jẹ́ ni, ọmọkùnrin náà sì ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

*

Owó. Ẹ ti ń bá ara yín jà lórí ẹ̀, kí n sọ tèmi ní kúkúrú: ẹ fún un ní nǹkan. Ọmọ tó ṣiṣẹ́ tó délé lọ́wọ́ òfo, ó mọ̀ pé wọ́n ń lo òun ni. Owó ọkọ̀ àti owó ọ̀sán lójoojúmọ́, kí ọ̀gá sì fún un ní nǹkan níparí ọ̀sẹ̀, kó fi lé ọmọ náà lọ́wọ́, kì í ṣe ìyá ẹ̀. Kó fúnra ẹ̀ pinnu ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ẹni tó bi mí bóyá òfin gbà á: òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ láìsinmi, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́jọ lọ lóòjọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé le jùyẹn lọ, iṣẹ́ fẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ ẹbí ló fàyè gbà tó bá dọ̀rọ̀ gbígba ọmọ síṣẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ni mo máa ń pe ti họ́lídè, òbí ló mú un wá, aago kan ọ̀sán ló ń lọ sílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó kọ́ṣẹ́ gidi títí tó fi máa gba fúrídọ̀ọ̀mù, òfin iṣẹ́ gbà kí òbí fi ọmọ tó ti ju ọdún 12 lọ tí kò tíì pé 16 kọ́ṣẹ́, ó ní kí ìwé àdéhùn wà, kí ọmọ náà sì fọwọ́ sí i fúnra ẹ̀. Ẹ tún èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kà. Bàbá ti mú Bódìjà, ìyá ò fẹ́ Bódìjà, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kọjá níbí mi ò tíì rí ibi tí ẹnì kan ti bi ọmọ pé kí lòun fẹ́.

*

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọbìnrin, ẹ̀rù tó ń bà yín tọ́. Ọmọ onítìjú ni àwọn oníwàkiwà máa ń wò, torí wọ́n mọ̀ pé kò ní lè sọ. Ẹ má mú un lọ síbi tí òun àti ọ̀gá nìkan á jọ wà, tàbí ibi tó ní yàrá inú. Kí ṣọ́ọ̀bù kọjú sí títì. Ẹ yà síbẹ̀ láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀, ọ̀gá tó bá ń bínú sí ìyẹn, ẹ mú ọmọ yín lọ sílé lọ́jọ́ náà. Kí ẹ sì ti sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ pé tó bá sá kúrò níṣẹ́ torí nǹkan kan ò bá a lára mu, ẹ ò ní bá a wí, kó tó di pé ẹ bèèrè àlàyé. Ọmọkùnrin pàápàá, ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀.

*

Ìyá Apátá ti padà wá, ó ní òun ti bi í. Ó ní ọmọ náà sọ pé òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe, pé òun ti ń wò ó lórí YouTube ọjọ́ ti pẹ́. Mo dúpẹ́ gan-an! Iṣẹ́ tí mo ń ṣàlàyé látàárọ̀ rèé, ọmọ ti fúnra ẹ̀ rí i. "Kí ló ṣe é? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó bọ́ sínú omi?" Ọ̀rọ̀ kúkúrú, orí tẹ̀ ba lórí iṣẹ́. Ẹnì kan fèsì pé ìyẹn á tún jẹ́ kó ráyè fara pamọ́ sẹ́yìn fóònù. Rárá o, fóònù oníbàárà ni, oníbàárà sì dúró síwájú ẹ̀, ó ń bi í pé yóò tó ìgbà wo. Ẹ lọ wá ẹni tó mọṣẹ́ tó sì nísùúrù, ẹ jókòó sí ìsọ̀ ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ ká fò. Tó bá jẹ́ pé ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣàdédé dákẹ́, ẹ má wá iṣẹ́ fún un, ẹ wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Tó bá sì jẹ́ pé ara ẹ̀ máa ń gbọ̀n, tàbí ó ń bì láàárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé, tàbí kò sùn, ìyẹn ti kọjá ìtìjú, ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn wọ́n ní àwọn dókítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ àwọn ọmọdé, kò sí àbùkù nínú ká lọ rí wọn.

*

Ìyá Apátá tún bèèrè ohun tóun máa ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ tẹ̀ lé e débẹ̀, kí ẹ kí ọ̀gá, kí ẹ lọ. Ẹ má dúró sọ fún gbogbo ìsọ̀ pé "ẹ bá mi mú un o, ojú máa ń tì í," torí orúkọ tí wọ́n máa fi pè é nìyẹn títí họ́lídè á fi parí. Ọ̀rọ̀ ìkíni náà, ẹ ti mọ àwa Yorùbá, ọmọ tí ò bá kí èèyàn, àìlẹ́kọ̀ọ́ la ó pè é, a ò ní rò pé ìtìjú ni. Ẹ jọ fi ìkíni yẹn kọ́ra nílé: kó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, kó ní "ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́," fún àwọn tó kù, lẹ́yìn náà kó mú ìgbálẹ̀. Ọmọ tó ń gbálẹ̀ ìsọ̀ láàárọ̀, kò sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló dé tí ò sọ̀rọ̀.

Tó bá délé, ẹ má bi í pé "ṣé o sọ̀rọ̀ lónìí?" Ẹ bi í pé fóònù wo ni wọ́n tún ṣe, kí ló bà á jẹ́.

Tó bá sì dọjọ́ tára ẹ̀ ò yá tàbí tí òjò ò jẹ́ kó lè jáde, ẹ má bá a pe ọ̀gá. Ẹ gbé fóònù fún un kó pè é fúnra ẹ̀. Tó bá fẹ́, kó kọ ohun tó máa sọ sínú bébà kó máa kà á, ọ̀gá ò rí i. Kí ẹ kúrò nínú yàrá kó tó tẹ nọ́ńbà.